Ilé Kéwú Àáfáà Sànúsí

Ìlọrin, 1975. Ìjọba ológun ti ti sẹ́kọ́ńdírì àwọn ọmọbìnrin pa nítorí ìwọ́de wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá kó wọn jọ láti kọ́ wọn, ẹ̀wọ̀n ni.

Ọlọ́pàá kan já wọ ilé kéwú Àáfáà Sànúsí.

"Àáfáà, wọ́n ní àwọn ọmọ yẹn wà níbí."

Ojú Àáfáà le koko.

"Èmi tí gbogbo Ìlọrin mọ̀ pé mi ò fẹ́ rí ìwé òyìnbó sójú?" Ó gbé pàṣán sókè. "Ẹ ké e sókè!"

Àwọn ọmọbìnrin gbé wàláà, pátákó ìkéwú wọn, lé itan, wọ́n ń ké Fátíhà. Ohùn wọn gba àdúgbò.

"Ẹ má bínú, Àáfáà." Ọlọ́pàá bá tirẹ̀ lọ.

Àáfáà kọjú sí yàrá.

"Tíṣà, ẹ jáde. Ilé-ìwé ni wọ́n rí tì. Ẹ jẹ́ n rí ẹni tó máa ti orí àwọn ọmọ yìí."

Àwọn ọmọ yí wàláà padà.

Jọ́mẹ́tírì àná ló kún ẹ̀yìn rẹ̀.