Káàdì Tó Ń Lọ́ Wọ́ọ́rọ́

Atúnkọ̀mpútàṣe kan ti jó kọ̀mpútà oníbàárà méjì láàárín oṣù kan ṣoṣo. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé bí ẹ̀kẹta bá fi lè rú èéfín, kó kó súkúrúdíráfà rẹ̀ kó máa lọ ilé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ohun tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó ṣírò wáàtì rẹ̀. Baba Wáàtì ni wọ́n ń pè é báyìí.

Màmá Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló gbé kọ̀mpútà wọ ṣọ́ọ̀bù wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí Baba Wáàtì ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ kékeré kan fò jáde. Ó gbà pé ti ìrọ̀rí ni.

"Káàdì gíráfíìsì tó wà nínú ẹ̀ kì í gbóná rárá," ni màmá wí. "Gbé káàdì ńlá tó wà lórí pẹpẹ yẹn fún mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá! Ọ̀ọ́dúnrún wáàtì péré ni àpótí iná yín lè gbé. Káàdì yẹn nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Iná á sọ ni."

"Kékeré yìí ńkọ́?"

"Àádọ́rin wáàtì. Ẹ lè gbé e sáyà sùn, kò ní gbóná."

Ojú màmá fà ro. "Mú ti àárín wá, èyí tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ò ní jó nǹkan."

Baba Wáàtì rí oníwáàtì ọgọ́fà. Ó ro ti ìyókù kọ̀mpútà mọ́ ọn, ó jẹ́ igba ó lé ogún. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ṣé àyè á ṣẹ́kù lábẹ́ ẹ̀?"

"Ó pọ̀, Màmá. Afẹ́fẹ́ nílò àyè." Inú rẹ̀ dùn gan-an. Oníbàárà kan ò bi í nírú ìbéèrè yẹn rí.

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló máa fi ṣiṣẹ́ láìsinmi o. Àwọn méjìlá ló ń dúró dè é nílé."

Ọmọ-ọmọ méjìlá, kọ̀mpútà kan! Àánú màmá ṣe é.

"Ẹ má gbàgbé okùn sikirini yín."

"Fi sílẹ̀. N ò nílò ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá láìsí èéfín. Àfìgbà tí Màmá Tíṣà pè lórí fóònù.

"Máa bọ̀ kíákíá! Nǹkan ti ń sán nínú ẹ̀! Ó tún ń ké!"

Baba Wáàtì gbá agolo ìpaná mú, ó sáré, ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi dé yàrá màmá, ọ̀gá ti na ọwọ́ láti gba súkúrúdíráfà.

Màmá Tíṣà rọra ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀mpútà náà, òròmọdìyẹ mọ́kànlá sì yọjú sí wọn lábẹ́ káàdì gíráfíìsì, ìkejìlá ṣì ń fẹnu ṣá èèpo ẹyin tirẹ̀ lọ́wọ́, ìyá wọn tó kọ̀ tí kò sàba sì dúró lórí àga, ó na ọrùn bí ẹni pé òun ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.