Àárín Aṣọ

“Ìyá Ìbùkún, mo ti rí ojútùú!”

Onígìtá náà wọ́ ampilifáyà àtijọ́ rẹ̀ wọ yàrá. Àfi tó bá yí i sókè, tí gílóòbù inú rẹ̀ pọ́n, kó tó dùn, ariwo yẹn sì máa ń jí ọmọ. “Gàrí ò sí nílé, ariwo ló wà,” ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí.

Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Ọjà Ọba ló là á lójú: kó gbé e sáàárín aṣọ nínú wọ́dúróòbù, aṣọ á gbé ariwo mì.

“Aṣọ rẹ ló máa parí ìjà wa!”

Ó ṣí wọ́dúróòbù. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjì ló kù.

“Bàbá Ìbùkún, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?” ni aládùúgbò wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. “Wọ́n ti wọ mọ́tò Oǹdó láàárọ̀, tìyá tọmọ.”

Ó gbé ẹ̀rọ náà sáàárín ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ó sì ta gìtá. Gbogbo àdúgbò gbọ́.