Abẹ́rẹ́ Òwúrọ̀ Nílé Bùkárì

Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ fún Bùkárì pé àtọ̀gbẹ wà lára rẹ̀ ni gbogbo ilé wọn ní Òmù-Àrán ti ń fọkàn sí ikú rẹ̀. Àrùn yẹn kan náà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìgbàjà, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù ikú ń ba Bùkárì, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ti abẹ́rẹ́ tún wá burú jù. Ọkùnrin tó ti wa tírélà já gbogbo ọ̀nà Kàdúná nígbà tí owó epo rọ̀bì kún ìgboro, bó bá ti rí abẹ́rẹ́ báyìí, á fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọdé.

Àyìsátù ìyàwó rẹ̀ ló wá ọgbọ́n sí i. Láràárọ̀, tí wọ́n bá kírun tán, á kọ́kọ́ gún ìka ara rẹ̀ lójú ọkọ.

"Ẹ wò ó, Bàbá Wosilat. Ṣé mo ké?"

"O ò ké."

"Ó yá, ẹ mú ọwọ́ wá. Bìsìmílà."

Á nu ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ nù, á fi sípírítì nu abẹ́rẹ́, á wá kán ẹ̀jẹ̀ ọkọ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí Wosilat, ọmọ wọn, ń fi ránṣẹ́ láti Èkó. Bí bébà náà bá dúdú, ṣúgà ti pọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ìlú le, tí bébà wá wọ́n bí ojú, Àyìsátù ń fi bíléèdì la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì lóòró, kí ti ọkọ rẹ̀ má baà tán.

Ó ń ṣọ́ oúnjẹ Bùkárì bí ọlọ́pàá. Dòdò tàbí iyán tí ará ilé bá gbé wá, òun ló ń jẹ ẹ́ tán kí ó má baà wọ ọkọ rẹ̀ lójú. Síbẹ̀ Àyìsátù ń rù.

"Àìsàn mi ti fẹ́ jẹ ọ́ tán," Bùkárì sọ fún un, ó sì dùn ún dé ọkàn.

"Àìsùn ni. Ẹ jẹ́ n mumi."

Lóòótọ́ ni kì í sùn. Ó ń jáde sẹ́yìnkùlé léraléra lóru, bó bá sì ti wọlé, á dúró gbọ́ bóyá ọkọ rẹ̀ ṣì ń mí.

Nígbà tó yá, bébà Bùkárì kì í dúdú mọ́. Dókítà yìn ín, ara rẹ̀ yá gágá, ó tilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sóko. Ọjọ́ kan ló dé láti oko tó bá Àyìsátù nílẹ̀ ní ìdí ààrò, kò lè dáhùn. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Bùkárì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé òun lòun fi ìtọ́jú ara òun dá ìyàwó òun lágara.

Dókítà jáde wá, ó bi í láti ìgbà wo ni àtọ̀gbẹ ti ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, Bùkárì sì rọra ń ṣàlàyé fún un pé ó ṣì í mú ni, pé òun ni alátọ̀gbẹ, kì í ṣe Àyìsátù, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fa aṣọ bo Àyìsátù lójú.