Inṣọ́ránsì Àbẹ̀bí

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1983, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wọ ọ́fíìsì Ṣóbọ̀wálé ní Ṣàgámù. Iṣẹ́ inṣọ́ránsì ni Ṣóbọ̀wálé ń ṣe. Àlejò náà ní Ọláníyọnu lorúkọ òun, Lífápúù nílùú òyìnbó lòun ń gbé láti nǹkan bí ogún ọdún. Ó fẹ́ háyà mọ́tò àtijọ́ kan, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì òyìnbó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ni mọ́tò sì ti sọ pé òun ò ní yọ̀ǹda kọ́kọ́rọ́ láìsí inṣọ́ránsì.

"Mọ́tò ta ni?"

"Ti Bàbá Ilésanmí ní Ìkẹ́nnẹ́. Mọ́rìsì aláwọ̀ ewé yẹn."

Ṣóbọ̀wálé mọ̀ ọ́n. Irú èyí tí àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ń gùn kí òmìnira tó dé ni. Bí kò bá ṣe pé wọ́n ń ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́tò náà kì í jáde.

"Ṣé ìgbéyàwó lẹ fẹ́ ṣe?"

"Rárá. Obìnrin kan ni mo fẹ́ lọ gbé ní Ìpara, kí n gbé e wá sí Ṣàgámù níbí."

"Pìjó tuntun wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Wàhálà rẹ̀ ò ní pọ̀ tó ti Mọ́rìsì."

"Kò ní wọ Pìjó."

Wọ́n ti fún Ọláníyọnu ní àga, kò jókòó. Ó lọ sí ojú fèrèsé, ó padà wá, ó tún lọ.

"Bí ẹni tí mo gbé bá ṣílẹ̀kùn, tó bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí mọ́tò ń sáré, ṣé inṣọ́ránsì yóò sanwó rẹ̀?"

Ṣóbọ̀wálé gbé bírò sílẹ̀. "Kí ni yóò mú un bẹ́?"

"Ó lè bẹ́. Ó sì lè já sítíárì gbà lọ́wọ́ mi."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"

"Wọn ò..." Ọláníyọnu gé ọ̀rọ̀ náà, ó tún un sọ. "Kò mọ̀. Bí ó bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé òun, inú igbó ló máa sá lọ."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Àbẹ̀bí." Ó wo ilẹ̀ bó ti dárúkọ náà.

"Ìyàwó yín ni?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè parí ẹ̀ lónìí? Bí ọ̀la bá kọjá, ó lè pẹ́ jù."

Ṣóbọ̀wálé ní àbúrò obìnrin kan, Láídé. Lọ́dún tó kọjá, Láídé sá kúrò nílé ọkọ wá sọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Ọkọ rẹ̀ wá fi tipátipá wọ́ ọ sínú mọ́tò lójú gbogbo àdúgbò, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Títí di báyìí, apá Láídé kan kò ṣeé nà tán.

"Òfin kan wà," Ṣóbọ̀wálé wí. "Ẹni tó bá ń lo láísẹ́ǹsì òkè òkun, mo gbọ́dọ̀ jókòó tì í kí n rí i bó ṣe ń wakọ̀ kí n tó buwọ́ lùwé. Èmi náà á bá yín dé Ìpara."

Kò sí òfin tó jọ bẹ́ẹ̀. Ọláníyọnu rò ó díẹ̀, ó ní ó dáa.

Nígbà tí wọ́n pàdé ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ kejì, Ṣóbọ̀wálé kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó ti fá irùngbọ̀n náà, ó fi irun tín-ín-rín sílẹ̀ lókè ètè, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì so táì. Ṣóbọ̀wálé sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀ ló ń ṣe báyìí. Ó jókòó sẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn.

Mọ́tò náà ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọláníyọnu di sítíárì mú gírígírí. Ó ń dá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń mú ohùn rẹ̀ wúwo, ó ń dúró, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀. Ní Ìpẹ̀rú, ọlọ́pàá dá wọn dúró, ó yẹ̀wé wò. Ó ṣe Ṣóbọ̀wálé bíi kó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ? Ẹ̀ṣẹ̀ kankan kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá ní kí wọ́n máa lọ. Títí wọ́n fi kọjá Ìṣarà, ó ń bínú sí ara rẹ̀. Ó pinnu pé bí obìnrin náà bá fi lè ké pẹ́nrẹ́n, òun yóò fà á bọ́ sílẹ̀, ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀.

Ní Ìpara, wọ́n dúró níwájú ilé alámọ̀ kan. Arúgbó kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, wọ́n fi aṣọ dì í. Ṣóbọ̀wálé ń wá Àbẹ̀bí lójú fèrèsé àti lẹ́yìn ilé. Obìnrin kan, Olúkẹ́mi, tó ń tọ́jú arúgbó náà, yára wá bá wọn.

"Ẹsẹ̀ yẹn ti ń rùn," ó rọra wí. "Dókítà ní bí wọn ò bá dé ọsibítù lónìí, àfi kí àwọn gé e. Gbogbo mọ́tò tá a mú wá ni wọ́n sá fún. Wọ́n láwọn ò bá àjèjì lọ síbì kankan."

Ọláníyọnu tún táì rẹ̀ ṣe, ó fọn fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀kan.

Arúgbó náà gbórí sókè, ó dìde fúnra rẹ̀, ó ń tiro bọ̀, ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn Mọ́rìsì náà, ó sì rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun, ó ní, "Bàbá Níyọnu, ẹ mà pẹ́ níbi iṣẹ́ lónìí, ẹ má fọn fèrè mọ́ o, ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni," ọmọ tó bí sì ṣílẹ̀kùn fún un, ó fi irú ohùn bàbá rẹ̀ dáhùn pé, "Mo gbọ́, Àbẹ̀bí, wọlé."