Ìkòkò Tábà Ẹ̀gbọ́n

"Tẹ́ ẹ ò bá ní fi mu tábà, ẹ gbé e wá kí n máa fi bu iyọ̀!" ni ìyàwó télọ̀ wí.

Télọ̀ ń nu ìkòkò tábà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbẹ́ fún un kí ikọ́ tábà tó gbé ẹ̀gbọ́n lọ. Ìkòkò náà rẹwà ju ohun tí èèyàn ń tiná bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Ó tú sìgá rẹ̀ sínú ìkòkò, ó ṣáná sí i, ó fà á. Èéfín ò wá. Ó gbé e sójú fèrèsé: ọ̀pá rẹ̀ ò níhò.

"Àbí ẹ̀gbọ́n yín gbàgbé ni?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Télọ̀ mirí. Ihò ni ẹ̀gbọ́n máa ń kọ́kọ́ lu kó tó fín ọnà kankan.

Ó fẹ́ fèsì, àmọ́ ikọ́ gba ẹnu rẹ̀, irú ikọ́ ẹ̀gbọ́n gẹ́lẹ́.