Àwòrán Ahọ́n

Màdáámù Lin, ará Ṣáínà tó ń ta egbòogi ní Decatur l'Amẹ́ríkà, gba fóònù lọ́wọ́ Tẹ́ní, ó gbé e súnmọ́ fèrèsé. Àwòrán ahọ́n ló wà níbẹ̀. Ó funfun bí ẹ̀kọ.

"Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ kò tó," ó ní. "Òòyì ń kọ́ wọn, àbí? Wọn kì í rí oorun sùn, ọwọ́ wọn sì máa ń kú?"

Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ìlá ni ìyá náà wà. Ọdún keje rèé tí Tẹ́ní ti ń dúró de ìwé ìgbélùú. Bó bá fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ kí ìwé tó jáde, kò ní lè wọlé mọ́. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un títí pé kò gbọdọ̀ dán an wò.

Màdáámù Lin di egbò àti dàbínù pupa sínú ọ̀rá. "Kí wọ́n máa sè é mu láràárọ̀. Kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn pẹ̀lú. Kí n sì máa rí ahọ́n wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Ará ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń lọ sílé bá a gbé e. Làtífátù, ayálégbé ìyá rẹ̀, ló ń sè é.

Lọ́sẹ̀ kejì, ahọ́n ti pọ́n. Màdáámù Lin tẹjú mọ́ ọn.

"Oògùn mi kì í yára tó báyìí. Àmì dúdú yìí ńkọ́? N kò rí i nígbà àkọ́kọ́."

Tẹ́ní pe ilé.

"Obì ni mo jẹ, Àbẹ̀kẹ́," ìyá rẹ̀ fèsì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Má da ara ẹ láàmú. Ìwé ẹ ni kó o gbájú mọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ wá láti fóònù ìyá rẹ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìlá kò dáa fún ìpè. Àwòrán nìkan ló ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú: "Tẹ́ní, ara ti ń le." Ahọ́n náà ń dán. Tẹ́ní jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú rẹ̀ dùn dé egungun.

Ní oṣù kẹrin, ìwé jáde. Inú mọ́tò ló ti pe fóònù ìyá rẹ̀, ó pè é ní fídíò kí wọ́n lè jọ rí ojú ara wọn. Làtífátù ló yọjú.

"Àǹtí, ẹ bá mi pe màámi. Ìwé mi ti jáde, mò ń bọ̀ nílé."

"Ṣé ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́?"

"Òun ni mo mú dání yìí, mà."

"Wọ́n ní tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni kí n tó sọ," Làtífátù wí. "Wọ́n mú mi búra kí wọ́n tó dákẹ́."

Ẹkún gba Làtífátù lẹ́nu, ó la ẹnu gbàgà, Tẹ́ní sì rí ahọ́n pupa tó ti ń dúpẹ́ lé lórí láti oṣù mẹ́rin wá, pẹ̀lú àmì dúdú tó wà lára rẹ̀.