Rọ́bà Tí Wọ́n Fi Di Bíréèkì

Ohun tó máa ń rí Akínrìnádé lára jù nídìí iṣẹ́ yíyẹ bíréèkì tírélà wò ni rọ́bà. Tí páìpù bíréèkì bá ti ń jo afẹ́fẹ́, dípò kí àwọn awakọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á gé tíúbù táyà, wọ́n á fi wé e bí ìgbà tí wọ́n ń di egbò.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí tírélà ìkẹyìn wọlé, tó ń rùn bí òkú ẹran. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ tó ń jò kò dákẹ́: á ṣe ṣìì, á sinmi, á tún ṣe ṣìì.

Akínrìnádé tutọ́ sílẹ̀. "Ìwọ náà ti dì í, àbí? Ọ̀dájú!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u."

Akínrìnádé fọwọ́ dí imú, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì fa rọ́bà náà já. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, tó ń fà bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ṣàn sí i lọ́wọ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kò sí páìpù níbẹ̀. Awọ ni, tòun ti irun, ojú egbò sì wà lára rẹ̀ tó ń ṣí, tó ń pa dé.

"Mo ní kí ẹ má tú u," ni awakọ̀ náà rọra wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná ni."